Ihò Mẹ́rìnlá Tí Roheemat Pa Rẹ́

Kí ẹ tó dá Roheemat lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ro ẹjọ́ rẹ̀ fún yín. Tí mo bá rò ó tán, kí ẹ wá dá a lẹ́bi bó ṣe wù yín, torí pé ó jẹ̀bi.

Ilé iṣẹ́ àwọn tó ń ya pláànù ilé kan ló ti ń ṣiṣẹ́ nílùú Ìlaró. Ọ̀gá Ọlájídé ló ni ibẹ̀. Ọ̀gá á ya ilé, injiníà á ya pílà àti bíìmù tó máa gbé ilé náà dúró, ẹni tó mọ̀ nípa omi á ya ọ̀nà tí páìpù máa gbà. Kálukú ń ya tiẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà tiẹ̀ ni. Roheemat ló máa wá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú kan nínú sọ́fítíwià kan, ilé náà á sì dúró lójú kọ̀ǹpútà bó ṣe máa dúró lórí ilẹ̀ gẹ́lẹ́.

Níbi tí iṣẹ́ ẹnì kan bá ti kọlu ti ẹlòmíràn, bóyá páìpù fẹ́ gba àárín bíìmù kọjá, sọ́fítíwià náà á fi àwọ̀ pupa hàn án. Roheemat á pe àwọn méjèèjì, á ní, "Ẹ wá wo ibi tí ẹ ti ń jà." Wọ́n á tún un ṣe kí ẹnikẹ́ni tó po sìmẹ́ǹtì.

Ojú Ọ́fíìsì ni wọ́n ń pè é. Ó máa ń ṣe bí ẹni pé orúkọ náà ò dùn mọ́ òun nínú, àmọ́ bí ẹ bá gbàgbé láti pè é bẹ́ẹ̀, kò ní dá yín lóhùn dáadáa lọ́jọ́ náà.

Bàrúwà ló wá da gbogbo rẹ̀ rú.

Màmá Morádéyọ̀, nọ́ọ̀sì àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń kọ́ ilé ìgbẹ̀bí onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan sí Àjílété. Ó ti sú u kí aboyún máa gun ọ̀kadà wá sí Ìlaró pẹ̀lú ìrọbí. Injiníà tí ọ́fíìsì ń lò tẹ́lẹ̀ ti kó lọ sí Abẹ́òkúta, ni Ọ̀gá bá lọ mú ẹnì kan wá láti Ìpóbẹ̀, lódìkejì ibodè. Husain Bàrúwà lorúkọ rẹ̀. Yorùbá bíi tiwa ni, Ìjọ̀un níbí ni ìyá rẹ̀ ń gbé, àmọ́ èdè Faransé ló fi kàwé ní Kútọnu, òun náà ló sì ń kọ sára iṣẹ́ rẹ̀.

Fáìlì tó kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ mọ́ tónítóní. Roheemat wá àṣìṣe inú rẹ̀ títí, kò rí. Ohun tó kọ́kọ́ mú un fura nìyẹn.

Ọ̀gá wo iṣẹ́ náà, ó rẹ́rìn-ín. "Roheemat, ọkùnrin yìí lè ṣe iṣẹ́ tìrẹ mọ́ tiẹ̀ o."

Ọ̀gá ń ṣeré ni. Roheemat ò gbà á sí eré.

Látọjọ́ náà ló ti ń ṣọ́ Bàrúwà. Bí fóònù Bàrúwà bá dún, á jáde lọ sábẹ́ igi máńgòrò, á máa sọ Faransé. Kí ló ń sọ tí kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́? Tó bá fẹ́ lọ kírun, á kọ́kọ́ pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé. Kí ló wà nínú rẹ̀? Ó máa ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí Màmá Morádéyọ̀. Kí ló ń wá lọ́wọ́ ìyá àgbà? Ẹ̀yin náà mọ bí ìfura ṣe máa ń ṣe èèyàn. Bí ẹni náà bá dákẹ́, ó ń pète nǹkan. Bó bá sọ̀rọ̀, ó ń tan èèyàn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, fèrèsé wà ní ṣíṣí. Roheemat gbọ́ tí Bàrúwà ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ máńgòrò. Kò gbọ́ Faransé rárá, àmọ́ ó gbọ́ "Àjílété" nínú ọ̀rọ̀ náà, ó sì gbọ́ "réservation" lẹ́ẹ̀mẹta.

Òun kúkú mọ rísáfẹ́ṣọ̀n. Kéèyàn gba àyè sílẹ̀ de ara rẹ̀ ni, bí ìgbà tí wọ́n bá fi báàgì gba ìjókòó sílẹ̀ nínú mọ́tò. Ta wá ni ọkùnrin yìí ń gba àyè sílẹ̀ dè nínú iṣẹ́ oníṣẹ́?

Ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí iṣẹ́ omi ti dé, ni fáìlì Bàrúwà ẹlẹ́ẹ̀kejì wọlé. Roheemat ṣí i. Nínú bíìmù àti dẹ́kìn, ó rí àwọn àpótí kéékèèké kan tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó tẹ ọ̀kan láti wo orúkọ rẹ̀, ó rí "Réservation 1". Ó tẹ òmíràn, "Réservation 2". Mẹ́rìnlá ni gbogbo wọn.

Inú rẹ̀ dùn gan-an, kí n má parọ́. Ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́.

Bó ṣe ń wo àwọn àpótí náà lọ́wọ́ ni Bàrúwà yọrí lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀pà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àbúrò mi, ṣé o ti rí nǹkan tí mo fi kún un?"

"Mo ti rí i, sà."

"Ó ṣe pàtàkì o. Má jẹ́ kó bọ́ sọnù."

"Mo mọ̀, sà."

Ó padà sí yàrá kejì. Roheemat ń gbọ́ bó ṣe ń pa ẹ̀pà jẹ. Ó ṣe pàtàkì fún ta ni? Ká ní ó na ọrùn lásán, kó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ni wọ́n ń pè ní réservation?", ọ̀rọ̀ ì bá ti parí, ẹ̀ bá sì máa ka ìwé mìíràn báyìí. Àmọ́ Ojú Ọ́fíìsì kì í bi èèyàn ní nǹkan. Rírí ni iṣẹ́ tiẹ̀.

Ó sàmì sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá, ó tẹ bọ́tìnnì tó ń pa nǹkan rẹ́. Sọ́fítíwià bi í bóyá ó dá a lójú. Ó dá a lójú.

Bí wọ́n ṣe pa rẹ́ tán ni pupa yọ lójú kọ̀ǹpútà. Páìpù kọlu bíìmù àti dẹ́kìn níbi mẹ́rìnlá. Àpótí mẹ́rìnlá, pupa mẹ́rìnlá. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ mọ́ á ti bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí iye wọn fi bára mu. Roheemat náà bi ara rẹ̀, ìdáhùn tó fẹ́ ló sì rí: injiníà tí gbogbo ayé ń yìn gbé bíìmù dí ọ̀nà omi, ó wá fi àpótí bo àṣìṣe rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí sọ́fítíwià má bàa rí i.

Ó yẹ kó lọ bá Ọ̀gá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò lọ. Ó fẹ́ dúró de ìpàdé ọjọ́ Túsìdeè, níbi tí Màmá Morádéyọ̀ máa wà, tí Fágbénró tó ya iṣẹ́ omi náà máa wà, kó wá ṣí i síta níwájú gbogbo wọn. Ó tiẹ̀ ti mọ aṣọ tó máa wọ̀.

Túsìdeè ti jìnnà jù fún Màmá Morádéyọ̀. Òjò ti ń ṣú, irin ti wà nílẹ̀, pákó ti wà nílẹ̀. Ní Fúráídeè, ó pe Ọ̀gá lórí fóònù pé Sátidé làwọn máa da kọnkéré dẹ́kìn. Bàrúwà ò sì sí nílé. Wọ́n ti pè é láti Ìjọ̀un láàárọ̀ ọjọ́ náà pé ara ìyá rẹ̀ ò yá.

Ọ̀gá wá dúró sẹ́yìn àga Roheemat. "Tẹ pláànù jáde fún wọn. Ṣé pupa kankan wà níbẹ̀?"

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí, torí ibí ni ọ̀rọ̀ wà. Bó bá sọ pé ó wà, wọ́n á pe Bàrúwà. Bàrúwà á fi ẹnu dídùn ṣàlàyé, wọ́n á yanjú ẹ̀ lórí fóònù, kò sì ní sí ìtúláṣìírí kankan lọ́jọ́ Túsìdeè. Bó bá sọ pé kò sí, kí ló máa bàjẹ́? Páìpù kì í ṣe irin. Fágbénró á kàn gba abẹ́ bíìmù kọjá ni. Òun á sì wá sọ níwájú gbogbo èèyàn pé òun lòun gba iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin yìí.

"Kò sí, sà," ni Roheemat wí.

Ọ̀gá kúrò níbẹ̀. Roheemat wá ń tẹ pupa náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kọ ọ́ sí ìdí rẹ̀ pé ó ti yanjú. Ìgbà tó kù díẹ̀ kó tẹ pláànù jáde ni Bàrúwà pè láti Ìjọ̀un.

"Àbúrò mi, mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ da kọnkéré lọ́la. Ṣé ẹ ti yẹ gbogbo rẹ̀ wò?"

"A ti yẹ̀ ẹ́ wò, sà."

"Dakọ́ọ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀, ìwọ lo wà níbẹ̀."

Ẹ̀rín pa Roheemat. Ó ní nínú ọkàn rẹ̀, ẹ gbọ́ bó ṣe ń fi iyọ̀ sí i.

Wọ́n da kọnkéré. Òjò rọ̀ ní Sọ́ńdeè. Ìpàdé ọjọ́ Túsìdeè ò wáyé mọ́, torí Ọ̀gá rìnrìn àjò, nígbà tó sì dé, iṣẹ́ mìíràn ti gba gbogbo ọkàn wọn. Roheemat fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ sínú de ọjọ́ mìíràn. Bàrúwà padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìyá rẹ̀ ti gbádùn.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni wọ́n tú pákó kúrò lábẹ́ dẹ́kìn ní Àjílété. Ọ̀gá ní kí Roheemat lọ wo bó ṣe rí. Ibẹ̀ ló wà nígbà tí Fágbénró gbé páìpù dé, tó gun àkàbà, tó wo òkè títí, tó sì sọ̀ kalẹ̀.

"Ihò dà?"

"Ihò wo?" ni Roheemat bi í.

"Ihò tí páìpù mi máa gbà. Bíìmù dí gbogbo ọ̀nà."

"Ẹ ò lè gba abẹ́ rẹ̀ ni?"

Fágbénró wò ó bí ẹni wo ọmọdé. "Abẹ́ rẹ̀ kẹ̀? Abẹ́ rẹ̀ ni orí ilẹ̀kùn wà. Ṣé kí omi ìdọ̀tí máa gba iwájú orí aboyún kọjá ni?"

Bàbá Iṣẹ́olúwa, káfíńtà àgbà tó kan pákó dẹ́kìn náà, jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, ó ń mu gààrí. Ó mi orí.

"Mo béèrè lọ́jọ́ tá à ń kan pákó o. Mo ní ṣé a ò ní ṣe réservation kankan ni? Wọ́n ní kò sí lórí pépà."

Roheemat yíjú sí i. "Kí lẹ pè é, Bàbá?"

"Réservation. Ihò tí wọ́n máa ń fi sílẹ̀ nínú kọnkéré kí páìpù lè rí ọ̀nà gbà. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe káfíńtà ní Kútọnu. Bí àwọn ará ọ̀hún ṣe ń pè é nìyẹn. A máa kan àpótí kékeré, a máa gbé e síbẹ̀, kọnkéré á yí i po. Ṣé o ò gbọ́ ọ rí ni?"

Àpótí kékeré. Mẹ́rìnlá. Roheemat di àkàbà Fágbénró mú, ó sì sọ fún wọn pé òun ò tíì jẹun ni.

Ìpàdé tó ti ń retí wá dé níkẹyìn, ní Mọ́ńdeè, nínú ọ́fíìsì. Ọ̀gá àti Bàrúwà wà níbẹ̀, Fágbénró wà níbẹ̀, Màmá Morádéyọ̀ jókòó sítòsí ilẹ̀kùn, báàgì rẹ̀ lórí itan. Láti Àjílété ni Roheemat ti mọ òtítọ́. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kò mọ̀.

"Injiníà, ọmọ mi," ni Màmá sọ, "mo fọkàn tán ẹ. Báwo lo ṣe gbàgbé ọ̀nà omi nínú ilé ìgbẹ̀bí?"

"Mi ò gbàgbé, mà. Ihò mẹ́rìnlá ni mo fi síbẹ̀."

Ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá wà níbẹ̀. Ọ̀gá ṣí fáìlì àkópọ̀ tí Roheemat ṣe. Kò sí ẹyọ kan níbẹ̀.

Gbogbo wọn yíjú sí Roheemat. Ọ̀gá ní, "Ìwọ lo kó wọn pọ̀. Kí lo rí?"

"Fáìlì tó dé ọwọ́ mi, sà, kò sí ihò nínú rẹ̀."

Ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. Ohun tó ṣì ń yà á lẹ́nu dòní nìyẹn.

Bàrúwà rọra wò ó. "Àbúrò mi, mo bi ẹ́ nínú yàrá yìí. O ní o rí i."

"Irin tí ẹ fi kún pílà ni mo rò pé ẹ ń sọ, sà."

Fágbénró ń kùn pé àwọn ará ọ̀hún yìí, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn, wọ́n á fi fáìlì kan hàn ẹ́, wọ́n á fi òmíràn ránṣẹ́. Màmá Morádéyọ̀ ò pariwo. Ó kàn sọ fún Ọ̀gá pé kí wọ́n bá òun wá ẹlòmíràn.

"Dakọ́ọ̀," ni Bàrúwà sọ. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Màmá bó ṣe máa ń ṣe, ó bọ Ọ̀gá lọ́wọ́, ó kó kọ̀ǹpútà rẹ̀. Kò wo ibi tí Roheemat wà.

Ọ̀rọ̀ ò dúró sí Ìlaró. Kó tó di Jímọ̀, ó ti dé Ìfọ̀nyìntẹ̀dó, níbi tí Bàrúwà ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ilé ìwé kan. Wọ́n ní kó má wulẹ̀ wá mọ́, àwọn ò fẹ́ injiníà tó ń gbàgbé nǹkan. Fágbénró ló mú ìròyìn náà wá. Roheemat ń gbọ́, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Àmọ́ kò róorun sùn mọ́. Ìfura tó ti ń kó lé Bàrúwà lórí wá yí padà sí òun fúnra rẹ̀. Bí Ọ̀gá bá pe orúkọ rẹ̀, á ti dìde kó tó pè é tán. Bí Fágbénró bá rẹ́rìn-ín, á rò pé òun ló ń fi rẹ́rìn-ín. Sọ́fítíwià náà ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni bá ṣe nínú rẹ̀, orúkọ ẹni náà, ọjọ́ àti wákàtí. Ó gbìyànjú láti pa àkọsílẹ̀ náà rẹ́ nígbà mẹ́ta. Kò gbà fún un.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni Fágbénró wá sọ pé òun ti rí ọgbọ́n dá. Òun á gbé páìpù gba ẹ̀yìn ògiri níta, àmọ́ kí wọ́n bá òun wá gbogbo ibi tí pupa ti yọ. Ọ̀gá ní kí Roheemat tẹ̀ ẹ́ jáde. Roheemat ní kọ̀ǹpútà òun ń ṣe ségesège. Lọ́jọ́ kejì, ó ní kò sí ínkì.

Ní ọjọ́ kẹta, ó lọ kírun ọ̀sán. Nígbà tó dé, Ọ̀gá ló bá lórí àga rẹ̀. Fágbénró dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan. Màmá Morádéyọ̀ tó wá béèrè ibi tí iṣẹ́ dé jókòó sítòsí ilẹ̀kùn níbi tó jókòó sí lọ́jọ́ ìpàdé.

Ọ̀gá ò bojú wẹ̀yìn. Ó ń kà á jáde.

"Réservation 1. Ẹni tó pa á rẹ́, Roheemat. Réservation 2. Ẹni tó pa á rẹ́, Roheemat."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, sà."

"Réservation 3. Ẹni tó pa á rẹ́, Roheemat."

Ó ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá. Kò fo ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ló ka pupa mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá tí Roheemat kọ ọ́ sí pé ó ti yanjú, àti wákàtí tó kọ ọ́. Màmá Morádéyọ̀ bọ́ jígí ojú rẹ̀.

"Kí lọkùnrin yẹn fi ṣe ẹ́?"

Roheemat wá ìdáhùn. Ó wá a lábẹ́ máńgòrò, ó wá a nínú ẹ̀pà, ó wá a nínú gbogbo Faransé tí kò gbọ́.

"Kò fi nǹkan kan ṣe mí, mà."

"Pè é," ni Ọ̀gá sọ. "Níbí. Ká jọ gbọ́ ọ."

Ó pè é. Ó sọ gbogbo rẹ̀, ó ń sunkún, ó ń padà sẹ́yìn lọ tún ibi tó fò sọ. Nígbà tó parí, Bàrúwà bi í ní ìbéèrè kan.

"Kí lo rò pé réservation jẹ́?"

"Mo rò pé ẹ ń gba àyè sílẹ̀ fún ara yín ni, sà. Ìgbà tó yá, mo rò pé ẹ ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀."

"Yàrá kejì ni mo wà. Kí ló dé tí o ò bi mí?"

Roheemat kàn ń bẹ̀ ẹ́ ni.

"Kò burú. Àwọn tó gbọ́ pé mo gbàgbé ihò, ṣé wọ́n ti gbọ́ èyí?"

"Rárá, sà."

"Tí wọ́n bá ti gbọ́, kó o pè mí padà." Ó pa fóònù.

Ọ̀gá ò lé e lọ, àmọ́ ó gba iṣẹ́ àkópọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń pè é ní Ojú Ọ́fíìsì mọ́. Ó lọ sí Ìfọ̀nyìntẹ̀dó, ó ṣàlàyé fún àwọn tó ni ilé ìwé. Wọ́n fún un lómi, wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní ó ṣeun, àmọ́ àwọn ti rí injiníà mìíràn. Ó bẹ Màmá Morádéyọ̀. Màmá ní òun ti dárí jì í, kó lọ bá ẹni tó ṣẹ̀. Ilé ìgbẹ̀bí Àjílété ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, àwọn ọmọ ti ń ké nínú rẹ̀. Bí ẹ bá gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, ẹ máa rí àwọn páìpù níta lára ògiri. Wọ́n kùn wọ́n ní àwọ̀ ògiri kí wọ́n má bàa hàn, síbẹ̀ wọ́n hàn.

Nígbà tí mo gbé ìtàn yìí wá, olóòtú ìwé ìròyìn yìí fi inúure sọ fún mi pé wọ́n lè yí orúkọ padà kí ìtìjú má bàa pọ̀ jù. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kó má yí i. Mo ti fi orúkọ ẹlòmíràn bo tèmi mọ́lẹ̀ nígbà kan rí, ẹ sì ti rí bó ṣe rí. Kódà nínú ìtàn yìí, ẹ ti rí bí mo ṣe ń pe ara mi ní "ó" bí ẹni pé ará àdúgbò mi kan ni mò ń ròyìn rẹ̀. Bí mo ṣe lè sọ ọ́ dé ìparí nìyẹn.

Roheemat ni mí. Ihò mẹ́rìnlá ni Ẹ̀gbọ́n Husain Bàrúwà fi síbẹ̀, kò gbàgbé ọ̀kan ṣoṣo. Èmi ni mo pa wọ́n rẹ́.

Ẹ̀yin náà ti gbọ́ báyìí. Mo fẹ́ lọ pè é padà.